Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìrora: Ìtàn Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ Láti Òkè-Ìlá

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ẹsẹ̀ ń rí lẹ́nu iṣẹ́, kí ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ adẹ́mu. Ní Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá, níbi tí ẹmu dídá ti jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá, igbà ló ń gba ìdí adẹ́mu dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń tẹ ara ọ̀pẹ bí ó ti ń gòkè. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ibi kan náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń kan èèpo ọ̀pẹ, títí awọ ibẹ̀ yóò fi yi bí awọ ìlù. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àìsàn. Irinṣẹ́ ni, bí ọ̀bẹ àti akèrègbè.

Àárín òkè ni Òkè-Ìlá wà, òun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ìtàkìtì omi Ayíkúnnugbá mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni yóò gbé òun débẹ̀. Ìtàn ìlú fúnra rẹ̀, ìtàn ìrìn ni: àwọn ọmọ ọba Ọ̀ràngún pínyà ní Ìlá-Yàrá, ibùdó wọn àtijọ́, ọ̀kan lọ tẹ Ìlá dó, èkejì tẹ Òkè-Ìlá dó.

Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣeré. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá, ka ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀mí àti orí lára ohun tó sọ ènìyàn di ènìyàn: bí orí bá yan ire, ẹsẹ̀ ni yóò rìn dé ìdí ire náà. Ìtọ́jú rẹ̀ sì ti wà nílé kí ilé-ìwòsàn tó dé. Òrí àti àdín wà fún gìgísẹ̀ tó là, òkúta etí odò wà fún awọ tó le, osùn wà fún ẹsẹ̀ ìyàwó, làálì sì wà lọ́dọ̀ àwọn mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ bàtà pẹ̀lú ti pẹ́ lẹ́nu wa. Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Bata, tí bàtà rẹ̀ kún ọjà nígbà kan, ni Yorùbá ti yá a, ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá ti ń pe bàtà ní bàtà kí Tomas Bata tó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Zlín ní 1894. Àmọ́ kí a ní ọ̀rọ̀ bàtà lẹ́nu kò ní kí bàtà wà lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń roko.

Sòbìà ló gbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dé iwájú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Abo aràn yìí lè gùn tó mítà kan, ó sì tín bí okùn. Ẹni tó bá mu omi adágún tí kòkòrò omi kéékèèké tó gbé ọmọ sòbìà wà nínú rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni awọ yóò lé ròrò, tí yóò máa jó bí iná, tí aràn yóò sì yọjú. Nínú aláìsàn mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ti ń jáde. Wọ́n á wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ó bá já, ẹsẹ̀ wú nìyẹn. Aláìsàn á ki ẹsẹ̀ bọ odò kí ó lè tù ú, aràn á sì tú àwọn ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo àdúgbò ń pọn.

Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀. Oladele Kale ti Ìbàdàn kọ̀wé lórí sòbìà ní agbègbè Ìbàdàn ní 1977. Luke Edungbola ti Ìlọrin yẹ àwọn ará Babana ní ìpínlẹ̀ Kwara ìgbà náà wò, ó sì tún fi hàn ní Asà, ní Kwara kan náà, pé níbi tí kànga ẹ̀rọ bá dé, sòbìà á kógbá wọlé. Ìlọrin náà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lórí àìsàn yìí ní 1985. Ní Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá, William Brieger, tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, tẹ́tí sí ohun tí ará ìlú ń sọ. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé inú ara gbogbo ènìyàn ni sòbìà wà, pé ó kàn ń jáde lára àwọn kan ni. Lójú tèmi, ìwádìí Ìdèrè yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ ìwádìí tó kàn ka iye aláìsàn lọ. Ẹni tó bá gbà pé aràn ti wà lára òun tẹ́lẹ̀, kí ni yóò máa sẹ́ omi fún?

Ní 1988 ni ètò ìjọba àpapọ̀ láti lé sòbìà lọ gbéra, lásìkò tí Olíkóyè Ransome-Kútì jẹ́ mínísítà ètò ìlera. Nígbà tí wọ́n wá aláìsàn kiri láti abúlé dé abúlé láàárín 1988 sí 1989, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ayé ìgbà yẹn wà lára ibi tí ó ti jà, inú rẹ̀ sì ni Òkè-Ìlá wà, nítorí ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Àjọ Carter Center dá sí i, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè nígbà kan, náà sì ń ti ìgbèríko kan bọ́ sí òmíràn nítorí rẹ̀. Ohun ìjà kan tó ṣiṣẹ́ dáadáa kò le rárá: aṣọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a fi fọ́nrán nylon hun, tí ìyàwó ilé ń ta bo ẹnu ìkòkò láti fi sẹ́ omi. Oṣù Kọkànlá 2008 ni aláìsàn ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enúgu. Ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán.

Àlejò ni jìgá, kòkòrò tó ń wọ inú awọ ẹsẹ̀, ní tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ti Brazil bọ̀ ló gbé e gúnlẹ̀ sí Ambriz ní Àǹgólà ní 1872, kí ó tó tàn ká Áfíríkà. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ìyá fi ń yọ ọ́ létí èékánná ọmọ. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ará abúlé Erekiti ní ìpínlẹ̀ Èkó wò, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, iye tó ní jìgá lẹ́sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ugbomoiko ti Ìlọrin àti Ofoezie ti Ifẹ̀ wà nídìí iṣẹ́ náà, ẹnì kẹta wọn, Heukelbach, sì jẹ́ olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ ní Brazil. Jìgá ti ibẹ̀ wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa náà ti ibẹ̀ wá.

Sòbìà ń jó, jìgá ń yún. Ẹsẹ̀ tó bá ní wọn kì í jẹ́ kí olówó rẹ̀ sùn, èyí gan-an ló sì ń mú kí ènìyàn wá ìtọ́jú. Ẹ̀tẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni ayé ti gbà pé ẹran ara adẹ́tẹ̀ ló ń jẹrà fúnra rẹ̀. Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ tó dé Vellore ní Íńdíà ní 1946, rí i pé ẹran ara ò ṣe nǹkan kan. Iṣan ìmọ̀lára ló kú. Ẹsẹ̀ tẹ ìṣó, kò mọ̀. Òkúta wà nínú bàtà láti àárọ̀ di alẹ́, kò mọ̀. Egbò wà, ó ṣì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Brand kó ìmọ̀ yìí lọ sí ilé-ìwòsàn adẹ́tẹ̀ ní Carville, ní Louisiana, ní 1966, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé bí ẹsẹ̀ adẹ́tẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ náà ni ti alátọ̀gbẹ. Ohun tí wọ́n kọ́ lára ẹni tí gbogbo ayé ń sá fún ló di ìtọ́jú fún àwọn olówó Amẹ́ríkà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní podiatry, kò ti ilé-ìwòsàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn akiri tó ń fi ọ̀bẹ gé awọ tó yi létí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ojú títì ìlú Òyìnbó. Ní 1785 David Low kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ náà. Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, Isachar Zacharie lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ní New York dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1895, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ní 1911, London sì ní ilé-ìwòsàn ẹsẹ̀ ní 1913. Láti 2005, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọba pe ara rẹ̀ ní podiatrist. Ọmọ Ìlá tó ní àtọ̀gbẹ ní Peckham, ní London, mọ̀ pé lọ́dọọdún ni wọ́n máa pe òun wá bọ́ bàtà kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ òun wò.

Àwa náà ní tiwa ní ojú títì. Àbókí, Haúsá tó ń gé èékánná kiri, ń kọjá, ó ń fi àlùmọ́gàjí pa kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́, ìyẹn ni ìpolówó rẹ̀. Oníbàárà á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, èékánná á kúrú, awọ gìgísẹ̀ á fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Iṣẹ́ wọn dá múṣémúṣé ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ti London wọ ilé-ẹ̀kọ́, tiwa ṣì ń kiri, abẹ kan náà ló sì ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹsẹ̀ tó mọ ìrora á kàn fà sẹ́yìn bí abẹ bá gé e.

Ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n ń pọ̀ sí i ṣá. Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí kò jìnnà sí Òkè-Ìlá, onímọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1960 ó lé. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó rí àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n, tí ó wá kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn. Ẹ̀gẹ́ tí kò jinná dáadáa, tí oró inú rẹ̀ kò tán, ni ó tọ́ka sí. Ìwé rẹ̀ lórí èyí jáde ní 1968. Ó kọjú sí àtọ̀gbẹ náà: ní 1971 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde lórí 832 alátọ̀gbẹ jáde. Akanji àti Adetuyibi, ní Ìbàdàn náà, kọ̀wé lórí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ nìkan ní 1990. Ikem àti Kolawole ṣe tiwọn ní Ilé-Ifẹ̀, ó jáde ní 2002.

Èyí tó ba ni lẹ́rù jù ni èyí tí àwọn dókítà ṣe ní ilé-ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà láàárín 2016 sí 2017. Alátọ̀gbẹ 336 tí egbò ẹsẹ̀ gbé dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n tọpa. Nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni 35 ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni 20 kú. Bí ìdajì wọn ló lò ju ọjọ́ 52 lọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣúgà ti pa iṣan ìmọ̀lára, ó ti dí iṣan ẹ̀jẹ̀, egbò kékeré tí bàtà tuntun dá síni lẹ́sẹ̀ ti di ẹgbẹlẹmùkù kí ẹnikẹ́ni tó wò ó. Kò dùn wọ́n, wọn kò ṣe kánkán. Bí wọ́n bá sì dé, tí dókítà ní gígé ló kù, ọ̀pọ̀ ẹbí á gbé aláìsàn wọn padà sílé. Ẹsẹ̀ tí a gbé wá sáyé ni a fẹ́ gbé lọ. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ìwòsàn Igbobi ní Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tipẹ́.

Àṣà wa ò ràn wá lọ́wọ́ níbì kan. A ń bọ́ bàtà níwájú ọba, a ń bọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, àwọn ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rin ọ̀dà gbígbóná pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn. Ọ̀wọ̀ ni, ìgbàgbọ́ ni. Alátọ̀gbẹ ni yóò mọ bí òun yóò ti ṣe é.

Onímọ̀ ẹsẹ̀ tó kàwé gboyè kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Òkèèrè ni wọ́n sábà ti ń kọ́ ọ. Ní Áfíríkà, Yunifásítì Johannesburg ń kọ́ni. Ní Tanzania, Zulfiqarali Abbas gba ọ̀nà mìíràn: dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan láti ilé-ìwòsàn kan náà ni wọ́n ń kọ́ pọ̀, kí wọ́n lè padà lọ dá ìtọ́jú ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa, dókítà àtọ̀gbẹ, oníṣẹ́ abẹ àti nọ́ọ̀sì tó ń fọ egbò ló pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ẹni tó ti Òkè-Ìlá gbéra yóò kọjá Ìlá, yóò dé Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀, kí ó tó rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ohun tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà lè dé abúlé láìsí wàhálà. Fọ́nrán nylon ni, irú ohun tí wọ́n fi hun aṣọ asẹ́ sòbìà. Semmes àti Weinstein ló fún un lórúkọ ní 1960, Carville ló sọ ọ́ di ohun ìdánwò ẹsẹ̀. Aláìsàn á di ojú, a ó fi orí fọ́nrán kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi tẹ̀, agbára tó ń mú un tẹ̀ jẹ́ ti gíráàmù 10. Bí ó bá mọ̀ ọ́n lára, iṣan ṣì wà láàyè. Òfin rẹ̀ ni pé a kì í fi í lé orí awọ tó yi, nítorí ibẹ̀ lè má mọ nǹkan kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara olówó rẹ̀ le. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó bá gbé ẹsẹ̀ adẹ́mu lé itan yóò kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá ibi tó rọ̀ kiri, létí ọmọ-ìka, ní ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀, níbi tí èèpo ọ̀pẹ kò dé, kí ó tó ní kí bàbá di ojú.