Ọdún Tí Monarchs Di Alárìnká

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó wà ní ìlú London láyé ọjọ́un. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má sáré ro Arsenal tàbí Chelsea o. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni mò ń wí, èyí tí wọ́n máa ń dé akoto gbá, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí bí ẹyin, tí wọ́n sì ń gbé e sáré lọ́wọ́ ju kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. London Monarchs lorúkọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n gba ife ẹ̀yẹ. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti pòórá. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, ṣé ìfìdírẹmi ló pa wọ́n ni, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀?

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi rìn yáàdì 10 síwájú. Bí wọ́n bá rìn ín, wọ́n á tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá rìn ín, bọ́ọ̀lù di ti ẹlòmíì nìyẹn. Pápá náà jẹ́ yáàdì 100 láti ìlà òpin kan dé ìkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di 100 yẹn mú dáadáa, a ṣì máa padà sí i.

Báwo leré Amẹ́ríkà ṣe dé London? Tẹlifíṣọ̀n ni. Láti 1982 ni Channel 4 ti ń fi ìdíje NFL han àwọn ará Bìrìtìkó, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí Chicago Bears àti Dallas Cowboys wá gbá bọ́ọ̀lù ní Wembley ní oṣù kẹjọ 1986, èrò tó lé ní 80,000 ló kún pápá náà. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wà nínú Bears, William Perry, tí wọ́n sọ lórúkọ ìnagijẹ pé Fíríìjì nítorí bó ṣe tóbi tó. Àwọn olówó Amẹ́ríkà wo èrò yìí, wọ́n ní ọjà ti yá.

Ní 1991, wọ́n dá líìgì tuntun sílẹ̀, World League of American Football. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá ni. Méje wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, mẹ́ta sì wà ní Yúróòpù: London Monarchs, Barcelona Dragons àti Frankfurt Galaxy. Monarchs gbá eré mẹ́wàá nínú sáà yẹn, wọ́n jẹ mẹ́sàn-án. Wembley gan-an ni ilé wọn. Ó dùn mọ́ mi pé mo rí orúkọ ọmọ Íbò kan láàárín wọn, Victor Ebubedike, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bìrìtìkó tí wọ́n fún láyè láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 1991, níwájú èrò 61,108, wọ́n na Barcelona ní 21 sí 0, wọ́n sì gbé ife World Bowl àkọ́kọ́ lọ sílé. Ta ni kò ní bá wọn jó?

Ṣùgbọ́n ọdún kì í jọra wọn. Ní 1992, Monarchs kan náà jẹ eré méjì péré. Wọ́n pàdánù méje, wọ́n ta ọ̀mì kan. Bí wọ́n ti ń pàdánù ni àyè ìjókòó ń ṣófo ní Wembley. Frankfurt náà ò ṣe dáadáa lọ́dún yẹn, eré mẹ́ta ni wọ́n jẹ, wọ́n sì pàdánù méje. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn. Lẹ́yìn sáà yẹn, àwọn olówó ti líìgì náà pa.

Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní 1995, Yúróòpù nìkan ni wọ́n fi í sí, ẹgbẹ́ mẹ́fà ni: àwọn mẹ́ta àtijọ́, Amsterdam Admirals, Rhein Fire ti Düsseldorf, àti Scottish Claymores. Monarchs padà dé, àmọ́ Wembley ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. White Hart Lane, ilé Tottenham Hotspur, ni wọ́n lọ. Pápá àfẹsẹ̀gbá nìyẹn, kò gùn tó. Yáàdì 93 ló gbà dípò 100. Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ tó ti gba ife, ilé tí wọ́n háyà fún un ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀! Ní 1996, wọ́n mú Fíríìjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wá, ìyẹn Perry tó bá Bears wá sí Wembley ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Wọ́n rò pé orúkọ ńlá á fa èrò. Eré mẹ́rin ni wọ́n jẹ ní 1995, mẹ́rin ní 1996, mẹ́rin ní 1997 tí wọ́n ti kó lọ sí Stamford Bridge, ilé Chelsea. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá, lọ́dọọdún.

Ìgbà náà ni 1998 wá dé. Ọdún yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.

Líìgì yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí NFL Europe lọ́dún yẹn. Wọ́n yí ti Monarchs náà padà, wọ́n yọ London kúrò, wọ́n fi England rọ́pò rẹ̀. Èrò ọkàn wọn ni pé bí London ò bá wá wòran, kí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Wọ́n bá sọ ẹgbẹ́ di alárìnká. Wọ́n gbá ní Crystal Palace ní gúúsù London, wọ́n gbá ní Bristol, wọ́n gbá ní Birmingham. Eré márùn-ún péré ni ẹgbẹ́ kan ń gbá nílé lọ́dún, ìlú mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí. Ará Birmingham tó bá fẹ́ràn eré yìí, ìgbà wo ni yóò rí wọn tó? Ará London tó ti ń bá wọn bọ̀ láti Wembley, kí ni yóò máa pè wọ́n báyìí? Ẹni tó ní òun ń gbé níbi gbogbo, ẹ béèrè ibi tó ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n jẹ eré mẹ́ta, wọ́n pàdánù méje. Lẹ́yìn sáà náà, wọ́n pa ẹgbẹ́ yẹn rẹ́. Ní 1999, Berlin Thunder gba àyè wọn.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí kíákíá á ní, "Ṣebí wọ́n ń pàdánù ni, kí ni wọ́n tún fẹ́ kí wọ́n ṣe fún wọn?" Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ní ẹ̀rí. Àkọ́kọ́, kì í ṣe àwọn ló gbẹ́yìn tábìlì ní 1998. Scottish Claymores ló gbẹ́yìn, eré méjì péré ni wọ́n jẹ nínú mẹ́wàá. Síbẹ̀ Claymores wà títí di 2004. Àwọn Claymores yìí náà ló jẹ eré méjì ní 1995, tí wọ́n sì gba ife ní 1996 ní Murrayfield nílé wọn, 32 sí 27, lọ́wọ́ Frankfurt. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní lorúkọ Scotland ti wà lára wọn, kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn nígbà tí ọjà ò tà.

Ẹ̀rí kejì ni Frankfurt. Lẹ́ẹ̀mejì ni òun àti Monarchs jọ ṣubú. Ti 1992 nìyẹn. Ní 1997 ẹ̀wẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ pàdánù mẹ́fà-mẹ́fà. Ọgbọọgba ni. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1998, Frankfurt ni wọ́n ti gbá àṣekágbá World Bowl, níwájú èrò tó lé ní 40,000. Rhein Fire na Galaxy ní 34 sí 10 lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Ní tiwa níbí, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ na Spain ní 3 sí 2 ní ọjọ́ kan ṣáájú ni, nínú ife àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé. Ta ló ráyè bọ́ọ̀lù oníkoto? Àmọ́ Frankfurt ráyè. Ife àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, Jámánì wà níbẹ̀, pápá wọn ṣì kún.

Kí ló fà á? Àwọn sójà Amẹ́ríkà ti pẹ́ ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì bá eré wọn wá. Ní 1977, àwọn ọmọ Frankfurt fúnra wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Frankfurter Löwen, nígbà tó sì di 1979, àwọn ará Jámánì ti ní líìgì tiwọn. Nígbà tí Galaxy dé ní 1991, ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló bá. Àwọn èèyàn sọ ọjọ́ eré di ọjọ́ àríyá, wọ́n ń pè é ní Power Party: orin, ọtí àti oúnjẹ ṣáájú eré. Bí Galaxy jẹ, wọ́n á jó. Bí kò jẹ, ṣebí wọ́n ti jó tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Ṣebí àgbàbọ̀ ni wọ́n." Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ẹgbẹ́ NFL ló fi wọ́n ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá rán lọ kọ́ ọwọ́. Wọ́n á dé nígbà tí òtútù bá ń lọ, oṣù kẹfà wọ́n ti lọ. Brad Johnson gbá bọ́ọ̀lù fún Monarchs ní 1995, Minnesota Vikings ló rán an wá. Òun náà ló gba Super Bowl pẹ̀lú Tampa Bay ní oṣù kìn-ín-ní 2003. Kurt Warner wà ní Amsterdam ní 1998, ó gba Super Bowl pẹ̀lú St. Louis Rams ní oṣù kìn-ín-ní 2000. Ẹ rí i báyìí? Lójú àwọn ọ̀gá ní Amẹ́ríkà, kò sí àdánù nínú sáà yẹn, iṣẹ́ ti yọrí. Ẹni tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì ní London ló pàdánù. Aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò fún ni lápá, á ṣò ní ọrùn.

Ṣùgbọ́n aṣọ àgbàbọ̀ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀. Frankfurt wọ̀ ọ́, ó rán an mọ́ ara rẹ̀. Ti Monarchs, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí ilé ẹlòmíì.

N ò ní purọ́ fún yín pé ìfẹ́ èrò ìwòran lágbára ju owó lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2007, àwọn tó ni NFL ti gbogbo líìgì náà pa. Ìròyìn ìgbà náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 30 dọ́là ló ń bá a lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló kù nígbà yẹn, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ti Jámánì. Galaxy tó ti gba ife mẹ́rin náà bá a lọ. Onílé ló ni kọ́kọ́rọ́, ó lè tilẹ̀kùn nígbà tó bá wù ú.

Ṣé ẹ ẹ̀ gbàgbé 100 yáàdì tí mo ní kí ẹ dì mú? Ní 2019, Tottenham parí pápá tuntun síbi tí White Hart Lane wà tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ koríko rẹ̀, wọ́n tẹ́ pápá mìíràn tí wọ́n dìídì ṣe fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ó gùn tó bó ṣe yẹ. Lọ́dún yẹn náà ni NFL gbá eré níbẹ̀. Ibi tí àyè ò ti gba Monarchs ni wọ́n wá fẹ̀ fún àlejò tó ń wá ṣeré wákàtí mẹ́ta, tó sì ń wọ bàálù padà. Ní 2021 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí líìgì tuntun kan bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, àwọn ará Frankfurt mú orúkọ Galaxy padà, wọ́n sì gba ife ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 32 sí 30, lọ́wọ́ Hamburg.

Nítorí náà, kì í ṣe eré méje tí Monarchs pàdánù ní 1998 ló dùn mí. Ẹgbẹ́ tó bá ń pàdánù, tó bá ní ẹni tó ń pè é ní tèmi, ọ̀la rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pààrọ̀ jẹ́sì lọ́dọọdún nínú ọgbà yìí, tó jẹ́ ẹni tó bá gba ife lẹ ń tẹ̀ lé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o. Ta ni ọmọ yín gan-an?