Ọjọ́ Dẹ́kìn Láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé 2024 ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni Ivory Coast na Nàìjíríà ní góòlù 2 sí 1 ní Abidjan, tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ló wà lẹ́nu àwọn lébírà tó péjọ síbi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, lẹ́bàá títì tó gba Àkùngbá kọjá láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó. Ọjọ́ dẹ́kìn ni, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n ń da kọnkéré òkè ilé. Ẹnu fóòmàn, bíríkìlà méjì àti ìyá olóúnjẹ tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí ọjọ́ náà ṣe lọ.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré ti wà nílẹ̀, sìmẹ́ńtì pé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ omi ò tíì dé, yanrìn kò sì tó. Wọ́n jókòó. Afẹ́fẹ́ tutù, ara tù wọ́n, wọ́n ń bú agbábọ́ọ̀lù. Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni ewu ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: wákàtí tó dára jù lọ fún iṣẹ́ agbára ń lọ, ẹnikẹ́ni ò sì kà á sí àdánù.

Aago mẹ́sàn-án. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ dẹ́kìn rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdádúró. Bí apá kan bá ti gan kí wọ́n tó da èkejì, ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ò ní lágbára, ibẹ̀ ni omi òjò yóò máa gbà wọlé. Nítorí náà, páànù tí wọ́n bu kọnkéré sí ń gorí, páànù ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń gun pákó lọ sókè bí èèrà.

Aago mọ́kànlá. Ọyẹ́ ti lọ ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin láti etí òkun ti gba ipò rẹ̀. Òógùn ń ṣàn, kò gbẹ. Gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ ló ń tu ara, bí kò bá ti gbẹ, omi lásán ni èèyàn ń pàdánù. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ inú ẹgbẹ́ World Weather Attribution yẹ ọ̀sẹ̀ yẹn wò lẹ́yìn náà: láàárín ọjọ́ 11 sí 15 oṣù náà, ooru àti ọ̀rinrin ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pa pọ̀ rí lára èèyàn bí ìwọ̀n 50°C, ó sì dé 60 láwọn ibòmíràn. Ilẹ̀ olókùúta sì ni ilẹ̀ Àkókó. Àpáta tó ti yá oòrùn láti àárọ̀ á tún máa dá ooru náà padà sí èèyàn lára. Lórí dẹ́kìn, irin ti gbóná débi pé àwọn onírin ń fi àkísà dì í mú.

Aago kan kọjá díẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, kò tíì pé ogún ọdún, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ ru páànù. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti ń sáré kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá olóúnjẹ ló kọ́kọ́ rí i pé ara rẹ̀ ò dá. Ó pè é kó wá gba gàrí rẹ̀, ọmọ náà dá a lóhùn pé òun ti sanwó ọkọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé páànù mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́, ó ṣubú sídìí pákó.

Ẹnìkan sáré fẹ́ rọ omi sí i lẹ́nu. Bíríkìlà tó dàgbà jù níbẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò: "Ẹ má fún un! Kò mọ ara rẹ̀, á gba ọ̀nà ọ̀fun gbòdì. Ara rẹ̀ ni kí ẹ dà á sí!" Wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà rẹ̀. Omi tí wọ́n fẹ́ fi po kọnkéré ni wọ́n ń fi páànù bù dà á lára láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń fi bébà sìmẹ́ńtì fẹ́ ẹ, tí wọ́n fi aṣọ tútù há a sí abíyá àti ọrùn. Fóòmàn ń fóònù wá ọkọ̀.

Ohun tó gba ẹ̀mí ọmọ náà là nìyẹn. Ìwọ̀n 37°C ni ara ń bá ṣiṣẹ́, bó bá ti kọjá 40, ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ti wà nínú ewu. Ká ní wọ́n gbé e gbígbóná bẹ́ẹ̀ sórí ọ̀kadà, ara ì bá máa jóná lọ títí wọ́n á fi dé ọsíbítù. Mímú ara tutù ló ṣáájú, gbígbé ló tẹ̀ lé e. Kí ọkọ̀ tó dé, ó ti dárúkọ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ, ó sì yè.

Ara ẹni tuntun máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ooru tó mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, àjọ OSHA, tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí ooru ń pa lẹ́nu iṣẹ́ ló jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn níbi iṣẹ́ náà ni. Wọ́n dábàá pé kí ẹni tuntun ṣe ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ní kí èèyàn mu ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, èyí tó tó ìdajì píọ̀ wọ́tà kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ó tó nǹkan bí àpò píọ̀ wọ́tà méjì sí méjì ààbọ̀ ní wákàtí kan. Àpò méjì ni wọ́n rà fún gbogbo ọjọ́.

Aago mẹ́ta. Fóòmàn pín wọn sí méjì. Bí apá kan bá ń ru, apá kejì á wà lábẹ́ máńgòrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kọnkéré ò dúró. Wọ́n ti ń wọ́n omi sí apá tí wọ́n kọ́kọ́ dà, wọ́n ń fi àpò tútù bò ó kí oòrùn má baà là á. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́ èyí, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tí ooru ń ṣe fún sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ọmọ kan ṣubú kí wọ́n tó ronú ohun tó ń ṣe fún èèyàn.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ parí, onílé san owó. Ìdajì ló fẹ́ san fún ọmọ tó ṣubú, pé ìdajì ọjọ́ ló ṣe. Fóòmàn kọ̀, wọ́n fà á títí onílé fi san án pé. Mo wà lẹ́yìn fóòmàn. Òfin Employees' Compensation ti ọdún 2010, tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n lébírà tí wọ́n pè lójú ọ̀nà láàárọ̀ ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Láwọn ibòmíràn, òfin kì í dúró kí èèyàn ṣubú: ní Qatar, láti ọdún 2021, wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Dẹ́kìn tí fóòmàn náà gbà lẹ́yìn èyí, Ọ̀kà ló wà. Ó ní kí omi àti yanrìn sùn síbi iṣẹ́, kí ẹ̀rọ yí ní aago mẹ́fà, kí wọ́n parí ní mọ́kànlá. Onílé bi í léèrè ìdí tí píọ̀ wọ́tà fi di àpò mẹ́wàá nínú ìwé owó. Ó ṣírò rẹ̀ fún un, onílé sì san án.