Òṣómàáló àti Àwìn Aṣọ

Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá ń yọ ìyá bàbá mi lẹ́nu pé kí wọ́n fún wa ní owó àkàrà, tí a sì kọ̀ tí a kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn a ní, "Ẹ má ṣe mí ní òṣómàáló o!" Ẹ̀rín ni a máa ń rín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú òmìnira, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn ní Èkìtì láti kùtùkùtù títí oòrùn fi wọ̀, nítorí ṣílè mẹ́rin tí ó kù nínú owó àrán.

Orúkọ náà kò ṣòro láti tú. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣòwò náà fúnra wọn ni: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ará Iléṣà àti ìlú tí ó yí i ká ni wọ́n. Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 ti dí ọ̀nà fún ìṣòwò wọn. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í là á. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ẹrù aṣọ òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kòkó sì ń fún àwọn àgbẹ̀ ní owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó kòkó ń wọlé, ojoojúmọ́ sì ni ara ń fẹ́ aṣọ. Àárín méjèèjì yìí ni òṣómàáló wọ̀. Láàrin ọdún 1920 sí 1950, ẹsẹ̀ wọn ti dé Èkìtì, Àkókó àti Ìgbómìnà, ó sì dé ilẹ̀ Nupe àti ilẹ̀ Haúsá.

Òṣómàáló kì í dúró sí ìsọ̀ kí oníbàárà wá bá a. Òun ni ó ń gbé aṣọ lórí, tàbí lórí kẹ̀kẹ́, lọ sí abà àti ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní àwìn yóò wá onígbọ̀wọ́, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Yóò san díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyókù yóò sì máa wá ní ọjọ́ ọjà tàbí lẹ́yìn ìkórè. Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Iye tí ẹni tí ó san owó lójú ẹsẹ̀ ń san kéré sí ti ẹni tí ó ra àwìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó pe àlékún náà ní èlé. Ẹni tí ó bá san án pé yóò tún rí aṣọ gbà. Ẹni tí kò bá san án, òwe ti sọ tirẹ̀: ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi òṣómàáló ṣe àpèjúwe ìkà. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn tán, nítorí mo mọ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé rẹ̀ The History of the Yorubas lọ́dún 1897 (ọdún 1921 ni ó tó jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀), ṣàlàyé pé bí onígbèsè bá jẹ̀bi tí kò sì san owó, ẹni tí ó jẹ lówó lè bẹ àwọn aláṣẹ ìlú kí wọ́n fún òun ní ológò. Ológò yóò dógò ti onígbèsè. Yóò wọ inú ilé lọ, yóò máa pariwo, yóò máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu, yóò pa adìẹ tí ó bá rí jẹ, orí onígbèsè ni gbogbo rẹ̀ yóò sì wà. Ti ìwọ̀fà tún burú ju èyí lọ. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó rẹ̀ ni èlé. Bí ó lo ọdún mẹ́wàá nídìí rẹ̀, ojú owó kò dín.

Òṣómàáló kò mú ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sóko. Ara rẹ̀ ni ó rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà ọkùnrin tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà obìnrin, tí kò mu omi, tí kò jẹun, ti tẹ́ ara rẹ̀ kí ó tó tẹ́ ẹlòmíràn. Olúkúlùkù ẹni tí ó ń kọjá ni yóò bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé bí òun bá fẹ́ sanwó aṣọ ní ilé ìtajà ńlá, ẹni tí ń gba owó yóò bi òun bí òun bá fẹ́ káàdì ilé ìtajà náà, wọn yóò sì dín owó ọjọ́ yẹn kù. Wọn kì í bèèrè onígbọ̀wọ́. Àkọsílẹ̀ gbèsè tí ènìyàn ti san sẹ́yìn ni ó ń dúró fún un. Lọ́dún 2024, èlé lórí ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ ju dọ́là 30 lórí dọ́là 100 lọ lọ́dún kan. Ẹni tí ó bá ń san kìkì ìwọ̀nba tí wọ́n là sílẹ̀ lóṣooṣù, èlé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń lọ sí. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009 pàṣẹ pé kí ìwé oṣooṣù sọ iye ọdún tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi san gbèsè náà tán. Nígbà tí ọmọ mi kà á sí mi létí, ìwọ̀fà ni ó wá sí mi lọ́kàn.

Síbẹ̀, bàbá mi kò fẹ́ràn kí n máa gbè sẹ́yìn òṣómàáló. Owó ilé ìwé wọn ni ìyá wọn kó sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọdún kan gbáko sì ni wọ́n fi jókòó sílé. Wọ́n ní ohun tí ó dun àwọn jù ni ohun tí ó tẹ̀ lé e: ọkùnrin náà ka owó, ó dìde, ó na ẹsẹ̀, ó gba omi mu, ó jẹ iyán tí wọ́n gbé fún un, ó sì tú ẹrù rẹ̀. Ìyá wọn tún mú ànkàrá méjì.