Eyín Ẹni Tí Kò Nílé: Bí Ó Ṣe Lè Rí Ìtọ́jú ní Ilẹ̀ Faransé

SDF, ìyẹn sans domicile fixe, ni wọ́n ń pe ẹni tí kò nílé ní ilẹ̀ Faransé. Òmíràn ń sùn níta, òmíràn ń sùn nínú mọ́tò, òmíràn ń sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ lónìí, tó bá dọ̀la a tún wá ibòmíràn. Ní ọdún 2012, INSEE, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ka àwọn ará ìlú, ṣírò pé wọ́n lé ní 140,000. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn, ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ náà sì lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọmọ tó wà lókèèrè kì í sábà sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù: eyín tó ń dùn ún.

Ní abúlé wa níhìn-ín, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orín ti wà lẹ́nu, omi wà nínú ìkòkò. Ẹni tó sun abẹ́ afárá ní Párììsì, níbo ni yóò ti rí omi fọ ẹnu? Búrẹ́dì, bisikíìtì àti kọfí tó kún fún ṣúgà ló ń rí jẹ. Sìgá àti ọtí ń dá kún un. Ihò kékeré tí a kò dí lára eyín á máa jìn títí yóò fi dé inú eyín lọ́hùn-ún, ọyún á wá kó sí ìdí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ara á gbóná. Ẹ má fojú kékeré wò ó o: bí ọyún yẹn bá tàn dé ọrùn tàbí tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè pa èèyàn. Ní ti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn ẹran ìdí eyín ń jẹ́ kí ṣúgà ara rẹ̀ ṣòro láti kápá.

Ìrora eyín ò sì jẹ́ kí èèyàn ronú dáadáa. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Groundswell fọ̀rọ̀ wá àwọn tí kò nílé lẹ́nu wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Nínú 100, 15 sọ pé àwọn ti fi ọwọ́ ara àwọn fa eyín ara àwọn yọ.

Ìtìjú tún wà ńbẹ̀. Ní 2014, Valérie Trierweiler kọ ọ́ sínú ìwé pé Ààrẹ François Hollande ń pe àwọn tálákà ní « les sans-dents », àwọn aláìléyín. Hollande ní òun ò fi tálákà ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ èèyàn, torí wọ́n mọ̀ pé bí èèyàn bá ti lanu lásán, wọ́n ti ń fi eyín rẹ̀ díwọ̀n àpò rẹ̀. Ta ni yóò gba ẹni tí kò ní eyín iwájú sí iṣẹ́ ìtajà?

Òfin tó lè gbà wọ́n ti wà láti ọjọ́ 29 oṣù keje 1998. Òun ló dá àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní PASS (permanence d'accès aux soins de santé) sílẹ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tí kò ní káàdì, tí kò lówó lọ́wọ́, lè wọlé síbẹ̀ rí dókítà, kí assistante sociale sì bá a bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo PASS ló ní dókítà eyín. Ẹ ní kí wọ́n júwe èyí tó ní in.

Ìwé méjì ló wà. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú tí owó tó ń wọlé fún un kéré, Complémentaire santé solidaire ni tirẹ̀; òun ló rọ́pò CMU-C ní oṣù kọkànlá 2019. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, tó ti lò ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀, AME ni tirẹ̀. Ó ti wà láti ọdún 2000. AME ń san owó eyín dídí àti eyín yíyọ ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀. Ní ti eyín àtọwọ́dá, iye yẹn sábà máa ń kéré sí ohun tí dókítà ń gbà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: lójú tiwa, àdírẹ́sì ló ṣáájú eyín. Níbo ni lẹ́tà àti káàdì yóò dé bá ẹni tí kò nílé? Wọ́n ń pe ojútùú rẹ̀ ní domiciliation. CCAS ti ìlú, tàbí ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, á fún un ní àdírẹ́sì tí yóò ti máa gba lẹ́tà. Ẹni tí kò bá ṣe èyí lákọ̀ọ́kọ́ á kàn máa pààrà ni.

Lẹ́yìn ìwé, ó ku rendez-vous. Dókítà á dá oṣù méjì síwájú, fóònù ti kú, ẹrù ń bẹ lọ́rùn, kò sẹ́ni tí yóò bá a ṣọ́ ọ. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń gbé ìtọ́jú lọ bá wọn. Párììsì ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bus Social Dentaire, àga dókítà eyín wà nínú rẹ̀. Médecins du Monde, tó ṣí ibùdó àkọ́kọ́ ní Párììsì ní 1986, ń tọ́jú eyín ní àwọn kan nínú ibùdó rẹ̀. Ó dára, àmọ́ eyín yíyọ ló yá jù níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì yọ eyín rẹ̀ tán láìfi òmíràn sí i, a ò tíì tọ́jú ẹ̀.

Àwọn dókítà kan náà ń lé wọn. Ní 2019, Défenseur des droits gbé èsì ìdánwò àwọn oníṣègùn jákèjádò ilẹ̀ Faransé jáde: nínú 100 dókítà eyín, 9 kọ ẹni tó ní CMU-C tàbí ACS. Òfin ò gbà á láyè, a sì lè fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ Défenseur des droits tàbí lọ́dọ̀ Assurance maladie.

Bí ẹni yín kan bá wà nínú ipò yìí, ẹ ní kó pe 115 fún ibi tí yóò sùn. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú tí kò lè lanu, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, kó pe 15 lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de ìwé kankan.