Kí ni ẹṣin Ọ̀yọ́ ń jẹ?

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé: "Mo ra ẹṣin láti Òkè Ọya, ó ti ń rù, kí ni kí n fún un jẹ?" Ẹlòmíràn á ní oúnjẹ adìyẹ lòun ń fún un torí pé òun ló wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìyẹn dúró ná, mo máa dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹṣin kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ó ti dá ogun padà rí.

Ẹṣin kì í ṣe ẹran tó rọrùn fún ilẹ̀ wa. Láti apá àríwá ni wọ́n ti ń kó o wá, láti ọwọ́ Tápà, Ìbàrìbá, Haúsá àti Kànnúrí. Eṣinṣin tsetse ni kò jẹ́ kó gbilẹ̀ níhìn-ín. Inú igbó àti etí odò ló ń gbé, ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń fi àìsàn sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹṣin tó bá kó o á máa jẹun, á sì máa rù, títí á fi ṣubú. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́-Ilé, tó wà ní pápá ọ̀dàn lápá òkè, fi lè kó ẹlẹ́ṣin jọ, tí àwọn ìlú inú igbó kò lè ṣe é. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ sọ pé Tápà lé Aláàfin Onígbògí kúrò ní Ọ̀yọ́, ó sì sá lọ sílẹ̀ Ìbàrìbá. Nígbà tó fi máa kan Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀, ẹṣin ti di agbára Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin àti ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́sẹ̀ ló ń kẹ́yìn ogun rẹ̀, tí wọ́n so ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ìrù ẹṣin láti máa fi gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ́ kí ọ̀tá má baà tọpa wọn.

Owó ńlá sì ni. A ò gbọdọ̀ fi bò: ẹrú ni wọ́n fi ra púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin náà. Ẹni tó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ẹran, ó di dandan kó mọ bó ṣe máa bọ́ ọ.

Ní 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dàhómì, nígbà tí ọba Agaja wà lórí oyè. Ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Dàhómì, wọn ò ní ẹṣin. William Snelgrave, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣòwò ẹrú létíkun yẹn, kọ nípa àwọn ogun yìí sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1734. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé e, bí Agaja bá ti gbọ́ pé Ọ̀yọ́ ń bọ̀, á ri ohun ìní rẹ̀ mọ́lẹ̀, á dáná sun ìlú, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ á wọ igbó lọ. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ogun ẹlẹ́ṣin ò lè pẹ́ níbẹ̀: koríko tí ẹṣin máa jẹ ò tó, òjò náà sì ń bọ̀. Tó bá yá, Ọ̀yọ́ á padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí àgbẹ̀. Ẹṣin wa tó bá wọn nǹkan bí 300 kílò nílò oúnjẹ gbígbẹ bíi kílò 6 lójúmọ́. Bó bá jẹ́ koríko tútù, tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn á tó kílò 25 sí 30. Ẹgbẹ̀rún ẹṣin á jẹ tọ́ọ̀nù 25 sí 30 lójúmọ́ kan ṣoṣo. Ẹ tún fi omi kún un, ó kéré tán lítà 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa gé e? Ta ló máa pọn ọ́n? Bí wọ́n bá gé èyí tó yí ibùdó ká tán, wọ́n á máa lọ jìnnà sí i lójoojúmọ́, ọ̀tá sì wà nínú igbó pẹ̀lú ìbọn. Ní tèmi o, koríko gbé ìjà fún Agaja ju bí àwọn òpìtàn ṣe máa ń sọ lọ. Síbẹ̀ Ọ̀yọ́ ò yéé padà wá, nígbà tó sì di 1730, Agaja gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń fún ẹṣin ní ilẹ̀ ọ̀dàn láyé ọjọ́un? Koríko tí wọ́n gé wá fún un ni ìpìlẹ̀. Ọkà bàbà tàbí jéró ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ewé àti ìtàkùn ẹ̀wà tí wọ́n sá gbẹ wà níbẹ̀, àti iyọ̀ tàbí kán-ún. Ẹ ò rí i pé mi ò dárúkọ àgbàdo àti ẹ̀pà? Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í ná etíkun wa. Lónìí, ìtàkùn ẹ̀pà gbígbẹ, tí àwọn oníṣòwò ẹran ń pè ní haráwà, ló gbapò lọ́jà.

Oúnjẹ yẹn mọ́gbọ́n dání gan-an. Màlúù ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹṣin kì í jẹ ẹ́. Ikùn ẹṣin kéré, bíi lítà 8 sí 15, kì í sì í bì. Lẹ́yìn, nínú ìfun ńlá, ni àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ti ń sọ koríko di agbára fún un. Bí ẹ bá da ọkà púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọkà yẹn á ṣàn dé ìfun ńlá láìdà, á kan, á sì pa àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́. Inú rírun á bẹ̀rẹ̀, tàbí kí pátákò ẹsẹ̀ gbóná, kí ẹṣin má lè dúró. Àwọn kan á ní wọ́n ṣe ẹṣin àwọn. Ọkà ló ṣe é.

Ohun kejì ni egungun. Ní Yúróòpù, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ọkà a máa fi èérí ọkà bọ́ ẹṣin wọn, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Egungun ojú ẹṣin náà á wú, á sì máa tiro. Phosphorus ló pọ̀ nínú èérí àti ọkà, calcium ò tó, ara ẹṣin á wá máa yọ calcium látinú egungun ara rẹ̀. Calcium yẹn sì pọ̀ nínú ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà. Bàbà pẹ̀lú ìtàkùn ẹ̀wà: ọ̀kan ń dí àlàfo èkejì, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ calcium. Ẹ̀yin tó ń fi dúsà nìkan bọ́ ẹṣin, ẹ gbọ́ o.

Agbára ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ní nǹkan bí 1817. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, Ọ̀yọ́-Ilé sì tú ní àárín àwọn ọdún 1830. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo. Ẹ sì wo bí ayé ṣe rí: Ìjẹ̀bú inú igbó ni gbogbo ayé ń lọ wò lónìí torí ẹṣin, ní Ojúde Ọba.

Ó ku ọ̀rọ̀ oúnjẹ adìyẹ. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ kan láti dènà àìsàn, monensin ni orúkọ rẹ̀. Kò ṣe adìyẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́, ó sì ń pa á. Àgbàdo tó bu náà léwu, ó lè ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ẹ̀dínwó tó yẹ kó mú wa fi fún un.

Fún ẹṣin 300 kílò, haráwà àti koríko gbígbẹ kílò 5 sí 6 tó fún oòjọ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi bàbà kílò kan sí méjì kún un, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí iyọ̀ àti omi wà níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bó bá ń jẹun dáadáa tó sì ń rù, ẹ pe dókítà ẹran kó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ tó fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń ra ẹṣin, ẹ bi ẹni tó tà á pé kí ló ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí ẹ ra àpò kan nínú rẹ̀ dání. Ẹ máa fi tiyín rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 10.