Apollo ti Harlem: Níbi tí Òǹwòran ti Ń Dájọ́

Ní 1914 tí wọ́n ṣí ilé ìṣeré tó wà ní òpópónà 125 ní Harlem, New York, Hurtig àti Seamon ló ń darí rẹ̀, eré burlesque tó kún fún ẹ̀fẹ̀ àti ijó obìnrin ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn dúdú wọlé wá wòran.

Ogún ọdún ló gbà kí èyí tó yí padà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ti kún Harlem nígbà tí Sidney Cohen tún ilé náà ṣí ní January 1934, tó sọ ọ́ ní Apollo, tó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Frank Schiffman àti Leo Brecher gbà á ní 1935. Láti ìgbà náà, akọrin, oníjó, aláwàdà àti ẹgbẹ́ olórin jáàsì ń tẹ̀ lé ara wọn lórí ìtàgé kan náà.

Ṣùgbọ́n alẹ́ Ọjọ́rú ló sọ Apollo di Apollo. Ralph Cooper ló dá ètò ìdíje alẹ́ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ fún àwọn oníṣeré tí ayé kò tíì mọ̀. Òǹwòran ni adájọ́: bí eré bá dùn, wọn a pàtẹ́wọ́; bí kò bá dùn, wọn a hó lé oníṣeré lórí títí yóò fi kúrò. Kí oníṣeré tó bẹ̀rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ègé igi kan. Ara igi tó wà nítòsí ilé ìṣeré Lafayette ni, èyí tí àwọn òṣèré máa ń fọwọ́ kàn kí iṣẹ́ lè dé. Nígbà tí wọ́n gé igi náà lulẹ̀, Cooper gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí Apollo.

Ní 21 November 1934, ọmọbìnrin ọdún 17 kan tí kò ní ibùgbé gidi dé ibẹ̀. Ijó ló fẹ́ jó. Àmọ́ àwọn Edwards Sisters ti jó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì jó débi pé ẹ̀rù bà á. Ó bá kọrin. Ella Fitzgerald ni, ó borí, dọ́là 25 ló sì gbà lọ́jọ́ náà. Sarah Vaughan náà borí níbẹ̀ ní 1942.

Akọrin James Brown mọ iyì àwọn òǹwòran wọ̀nyí ju ẹni tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde lọ. Syd Nathan ti King Records kò fẹ́ náwó sórí àwo orin tí wọ́n gbà lójú agbo, Brown bá fi owó ara rẹ̀ gbà á sílẹ̀ ní Apollo ní 24 October 1962. Igbe àwọn ènìyàn wà nínú àwo náà bí ohùn rẹ̀ ṣe wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ 66 ló sì lò lórí àtẹ Billboard. Nígbà tó kú ní 2006, orí ìtàgé yẹn ni wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí kí ará ìlú lè wá dágbére fún un.

Ṣùgbọ́n tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn, àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá tó ń san owó gọbọi fa àwọn gbajúmọ̀ lọ, nǹkan sì le ní Harlem. Ìgbà kan wà láàárín ọdún 1970 sí 1980 tí ilẹ̀kùn Apollo tì. Percy Sutton, agbẹjọ́rò àti olóṣèlú, kó àwọn olùdókòwò jọ láti rà á ní 1981. Láti 1987, Showtime at the Apollo gbé e wọ ilé àwọn ènìyàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, owó tó ń wọlé kò tó gbé e, ni ìjọba ìpínlẹ̀ New York bá rà á ní 1991, tó sì fà á lé àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè lọ́wọ́.