Þing: Bí Orúkọ Àpéjọ Ṣe Di Orúkọ Nǹkan Gbogbo

Ọmọ ìyá kan náà ni thing ti Gẹ̀ẹ́sì, Ding ti Jámánì, ding ti èdè Dutch àti ting ti Denmark àti Sweden. 'Nǹkan' ni gbogbo wọn ń jẹ́ lónìí. Síbẹ̀, Alþingi ni wọ́n ń pe ilé aṣòfin Iceland, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Þingvellir ní nǹkan bí ọdún 930. Ti Norway ń jẹ́ Storting, ti Denmark ń jẹ́ Folketing. Àpéjọ ìlú ni ọ̀rọ̀ náà, þing, ń jẹ́ láyé àtijọ́.

Àwọn kan gbà pé ṣe ni ìtumọ̀ rẹ̀ kàn ń ṣá díẹ̀díẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ló wà láàárín àpéjọ àti nǹkan. Níbi àpéjọ ni wọ́n ti ń dájọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ àpéjọ pe ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá síbẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀ràn yòówù tí wọ́n bá ń sọ, kí ó tó wá kan ohunkóhun. Causa, tí í ṣe ẹjọ́ ní èdè Látìn, ló bí chose ti Faransé àti cosa ti Ítálì, 'nǹkan' sì ni méjèèjì. Sache ti Jámánì náà, aáwọ̀ àti ẹjọ́ ni tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan bá gba ọ̀nà kan náà, kò lè jẹ́ èèṣì.

Kí ó tó di àpéjọ ńkọ́? Èdè Gothic ní þeihs, tó túmọ̀ sí àsìkò, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì so ó mọ́ þing. Ọjọ́ tí a dá fún ìjókòó ló wá di ìjókòó fúnra rẹ̀. Àpéjọ yìí ní òrìṣà tirẹ̀ pàápàá: ní Housesteads, lẹ́bàá odi Hadrian ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ogun Róòmù tó jẹ́ ẹ̀yà Jámánì gbẹ́ orúkọ Mars Thincsus sára òkúta ní ọ̀rúndún kẹta. Orúkọ yìí ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun Dienstag àti dinsdag, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin àwọn ọba Kent, Hlothhere àti Eadric, ṣì lo þing fún àpéjọ ìdájọ́ ní ìparí ọ̀rúndún keje. Ṣùgbọ́n gemōt, ọ̀rọ̀ mìíràn fún àpéjọ, ló gba ipò yẹn, thing kò sì ní iṣẹ́ kankan ní kóòtù mọ́. Ní Denmark, níbi tí àpéjọ náà kò ti parun, ìtumọ̀ méjèèjì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: en ting ni nǹkan, et ting ni àpéjọ.